Pátákó Etí Ọ̀sà

Kánsù fún mi ní pátákó kan àti ọ̀dà mẹ́ta:
funfun, dúdú, àti aláwọ̀ ojú ọ̀run.
Ọ̀gbẹ́ni Ọ̀dẹ̀sànyà ní:
"Kọ ibi tí àlejò lè lọ wò ní Ẹ̀pẹ́.
Ìlà mẹ́rin péré. Má kọ ìtàn."

Mo jókòó ti ọ̀sà, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́,
ọwọ́ kò gbéra.

Ìlà kìíní rọrùn: YÀRÀ ERÉDÒ.
Àmọ́ báwo ni n ó ṣe kọ ọ́
pé bí o bá sọ̀kalẹ̀ sínú rẹ̀ lọ́sàn-án gangan,
oòrùn á fi ọ́ sílẹ̀ lókè
bí ọ̀rẹ́ tí kò fẹ́ bá ọ dé ilé àna;
pé ògiri rẹ̀ tutù bí ikùn ìkòkò;
pé Músílíù, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, pariwo orúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀,
ohùn náà kò padà wá,
ó sì sunkún títí a fi délé?
Wọ́n ní obìnrin kan ló ni yàrà.
Bàbá mi máa ń bèèrè pé: ta ló bá a ru erùpẹ̀?

Ìlà kejì: ÈBÚTÉ ÀTI ỌJÀ ẸJA.
Níhìn-ín, òórùn ni mo fẹ́ kọ.
Ọ̀dà kò ní òórùn àfi tirẹ̀.
Mo fẹ́ kọ ọ̀bọ̀kún tó ń lanu lórí tábìlì
bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ,
àti Ìyá Sábítíù tó ń ha ìpẹ́:
ọ̀kan á fò, á lẹ̀ mọ́ iwájú orí rẹ̀,
á máa tàn,
kò ní í nù ún títí alẹ́.

Ìlà kẹta ló dá mi dúró.
Igbó kan wà. A ó wọ ọkọ̀ kí a tó débẹ̀.
Màmá Ọ̀nàbùlé ní ń gbálẹ̀ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láràárọ̀.
Mo lọ bá a: "Ìyá, ṣé kí n kọ ọ́ sí pátákó?"
Ó gbá ewé bíi mẹ́ta sí i kó tó dáhùn:
"Ọmọ Mùtáírù,
yàrá tí ìyá rẹ bí ọ sí,
ṣé o ti kọ ọ́ sára ògiri fún èrò ọ̀nà?"
Mo ní rárá.
"Ẹni tó bá yẹ kó débí, ẹsẹ̀ rẹ̀ á gbé e wá.
Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò, ọ̀sà ńbẹ.
Ọ̀sà kì í bínú."
Ó bu gúgúrú fún mi pé kí n máa jẹ lọ.

Ìlà kẹrin, mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ:
ÌDÁJÍ.
Torí ìdájí ni ohùn ládàánì ń rìn lórí omi
kó tó rìn lórí ilẹ̀.
Ìdájí kan náà ni àwọn aláṣọ funfun
ń wọ odò dé orúnkún,
àbẹ́là wọn ń gbọ̀n, kò kú.
Bàbá Òdùkọ̀yà, apẹja, ń tú àwọ̀n láàrin wọn,
ó ń ṣe àmín sọ́tùn-ún, ó ń ṣe àmín sósì.
"Ẹja tó bá wọlé," ló wí,
"ta ló fẹ́ bèèrè ibi tó ti kírun?"

Ọ̀dẹ̀sànyà dé, ó fìka ka ìlà.
"Mẹ́ta ni mo rí. Ìkẹta dà?"
Mo fi àwọ̀ ojú ọ̀run kùn ún
láti etí pátákó dé etí,
kò sí lẹ́tà kan níbẹ̀.
Mo ní, "Kò tíì gbẹ."

Ó ti tó oṣù mẹ́jọ báyìí.
Ewúrẹ́ ń fẹ̀yìn họ òpó rẹ̀.
Àlejò á sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò,
á kàwé dé ìlà kẹta, á dákẹ́,
á yíjú wo omi.

Kánsù kò tíì san owó mi.